Òkè Kì í Wa Mọ́tò: Ọ̀rọ̀ Tọ́bò Ayédèrú Lọ́nà Ẹ̀fọ̀n

"Ẹ̀fọ̀n! Ẹ̀fọ̀n Aláayè! Ó ku ẹnì kan!"

Bí gáréèjì Aramoko ṣe máa ń rí láàárọ̀ nìyẹn. Àwọn tíṣà á máa sáré kí wọ́n má bàa pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Àwọn ọlọ́kadà á máa fọn fèrè. Ìyá àgbà kan á máa bá dírẹ́bà jà nítorí àpò iṣu. Ìsọ̀ aránṣọ mi kọjú sí gbogbo rẹ̀. Mo ń rán aṣọ, ṣùgbọ́n etí mi wà níta, torí pé Bọ́láwálé ọkọ mi wà lára àwọn tó ń gbé èrò lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Tí mọ́tò rẹ̀ bá ti ń bọ̀, mo máa ń mọ̀ kí n tó gbójú sókè.

Àwọn tó ń polongo ààbò ojú ọ̀nà ni wọ́n ní kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo sọ fún wọn pé mi ò kàwé lọ títí. Wọ́n ní kí n ṣáà sọ ọ́ bí mo ṣe rí i. Ó dáa. Bí mo ṣe rí i nìyí.

Ẹni tó bá ti gba Ìtawúrẹ́ lọ sí Ẹ̀fọ̀n rí mọ̀ pé òkè ni gbogbo ibẹ̀. Mọ́tò wa sì ti dàgbà. Tí èrò bá kún un, tí iṣu tàbí kòkó tún wà lẹ́yìn, ṣe ló máa ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ru igi. Ibẹ̀ làwọn èrò á ti bẹ̀rẹ̀.

"Dírẹ́bà, ṣé ká sọ̀kalẹ̀ ká bá ọ tì í ni?"

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ó ń ka òkúta ojú ọ̀nà ni."

"Ó ti kà á dé mélòó?"

Ọkọ mi á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tó bá délé, kò ní rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ìyá Ayọ̀, wọ́n ti ń yà mí sílẹ̀ o. Àwọn tíṣà ń dúró de mọ́tò tó wà lẹ́yìn mi. Wọ́n ní ti Bọ́láwálé ò ní dé bọ̀rọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ayọ̀bọ́lá ò yà yín sílẹ̀."

Ayọ̀bọ́lá ni ọmọ wa. Tíṣà lòun náà, ní Ẹ̀fọ̀n. Ojoojúmọ́ ló ń jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Lásìkò tí mò ń wí yìí, oyún wà nínú rẹ̀, ó sì ti yọ dáadáa. Nítorí náà, mọ́tò yẹn, kì í ṣe mọ́tò lásán lójú mi. Ọmọ mi àti ọmọ ọmọ mi ló ń gbé gun òkè.

Ìgbà yẹn ni Dámiláre dé. Kì í ṣe ará ìhín. Ó dé fìlà òyìnbó, ó gbé páálí dání, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú rédíò. Ó yí mọ́tò ọkọ mi ká, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Bàbá, ẹ́ńjìnnì yín ò ṣàìsàn o. Èémí ló ń wọ́n ọn. Tọ́bò ni kẹ́ ẹ fún un."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Afẹ́fẹ́ ni yóò máa tì wọnú ẹ́ńjìnnì tipátipá. Èémí kejì ni. Mọ́tò yìí á di ẹṣin mọ́ yín lọ́wọ́."

Ó ṣí páálí. Irin kan ló wà níbẹ̀, ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, ó ń dán yanran. Orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá kan lókè òkun wà lára rẹ̀ gàdàgbà.

Ẹ̀rù ti bà mí. Mi ò lè sọ ìdí rẹ̀. Mo pe Dámiláre láti ìdí ẹ̀rọ mi.

"Ọ̀gá, mọ́tò tí wọn ò ṣe kiní yẹn mọ́ nílé iṣẹ́, ṣé yóò lè gbé e?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá aránṣọ! Ṣé ẹ̀yin kì í lẹ aṣọ tuntun mọ́ aṣọ àtijọ́ ni?"

Gbogbo gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Mo dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wọn bo ohùn mi. Mo ní, "Mò ń lẹ̀ ẹ́. Mo sì mọ ibi tó ti máa ń ya." Kò sẹ́ni tó gbọ́.

Wọ́n dè é. Mẹkáníìkì kan tí Dámiláre mú wá ló dè é, kò sì pẹ́ tó fi ṣe tán. Wọn ò yẹ bíréèkì wò. Wọn ò yẹ omi rédíétọ̀ wò. Wọn ò bi ọkọ mi léèrè bó ṣe ń wa mọ́tò.

Kí n má purọ́, mọ́tò náà fò. Bó ṣe ń gun òkè, bíi pé ẹnì kan ń fà á lókè ni. Àwọn tíṣà padà wá. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ní "Ẹ̀fúùfù". Tí ọkọ mi bá ti wọ gáréèjì, ẹ óò gbọ́: "Ẹ̀fúùfù ti dé! Ẹ yà fún un!" Ó wá ń rìn bí olóyè. Ó tiẹ̀ ń kọrin nínú balùwẹ̀.

Èmi ń wò ó.

Mo rí i pé ojú ibi tó ń gbé mọ́tò sí nínú ọgbà wa ti ń dúdú. Ọ́ìlì ń kán. Mo gbọ́ ohùn kan nínú ẹ́ńjìnnì, ó ń súfèé bí kẹ́tùlù tí omi rẹ̀ fẹ́ hó. Aṣọ Ayọ̀bọ́lá náà ń rùn tó bá dé láti ibi iṣẹ́, bí ìgbà tí epo jóná nínú ìkòkò.

"Bàbá Ayọ̀, mọ́tò yìí ń sọ nǹkan o."

"Kí ló sọ?"

"Mi ò gbédè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀."

"Ìwọ tí ìró ẹ̀rọ ìránṣọ tìrẹ gan-an máa ń bà lẹ́rù! Mo ń fi ọ́ìlì kún un. Ọ́ìlì ló ń fẹ́."

Mo bu yanrìn, mo fi bo ojú ibi tí ọ́ìlì ń kán sí.

Ó yẹ kí n sọ àṣà kan tó wà láàárín àwọn awakọ̀ ọ̀nà wa, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Tí wọ́n bá gun òkè tán, tí ọ̀nà bá ti ń dà sílẹ̀, ṣe ni wọ́n máa ń pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú jíà, mọ́tò á máa yí lọ fúnra rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní ó ń dín epo kù. Tí ẹ bá bi wọ́n pé ta ló ń wa mọ́tò, wọ́n á ní, "Òkè ló ń wà á." Wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ti ń ṣe é kí n tó fẹ́ ẹ. Dámiláre kò mọ̀ ọ́n, torí kì í ṣe ọmọ ibí. Ọkọ mi náà kò sọ fún un. Kí ni ìbá sọ? Ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe, ta ló ń rántí sọ ọ́?

Ní ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, mo rán aṣọ àwọn ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan ní Ẹ̀fọ̀n tán, mo fẹ́ gbé e lọ fún wọn. Mo wọ mọ́tò ọkọ mi. Ayọ̀bọ́lá wà níwájú. Àwa mẹ́ta la wà lẹ́yìn: èmi, ìyá àgbà kan láti Ijurin tó gbé iṣu lọ fún ọmọ rẹ̀, àti Màmá Janet.

Màmá Janet, ará Ìdó-Ilé ni. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ọkọ̀ ló ṣe fún ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, tó sì padà sílé. Màmá V.I.O. ni gbogbo èèyàn ń pè é. Àwọn dírẹ́bà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rí i, wọ́n á kọ́kọ́ wo táyà wọn.

Bá a ṣe ń gun òkè, mo rí i tó yí etí síwájú.

"Bọ́láwálé, kí ló ń súfèé?"

"Tọ́bò ni, mà. Ẹ ò rí bó ṣe ń gùn ún ni?"

"Mo rí i. Níbo lo ti rà á? Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ?"

"Ojúlówó ni, mà. Orúkọ wọn wà lára ẹ̀."

"Orúkọ ni mo bi ọ́ ni?"

Ìyá Ijurin dá sí i. "Ẹ jẹ́ ó máa sáré jàre. Mo fẹ́ dé ulé ọmọ mi kí oòrùn ó tó mú. Kẹ́ ẹ má sì tẹ uṣu mi o."

A gun òkè kan tán. Ọ̀nà dà sílẹ̀ níwájú wa. Ọkọ mi na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́, ó pa á.

Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Afẹ́fẹ́ nìkan là ń gbọ́ lójú fèrèsé.

"Òkè ló ń wà á," ọkọ mi wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Màmá Janet dìde díẹ̀ lórí àga. "O pa á? Bọ́láwálé, o pa ẹ́ńjìnnì? Tan án! Tan án báyìí!"

Kí ó tó sọ ọ́ tán, òórùn yẹn ti kún inú mọ́tò. Èéfín ń yọ létí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọkọ mi tẹ bíréèkì, ó mú díẹ̀. Ó tú u, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún mú díẹ̀. Nígbà tó máa tẹ̀ ẹ́ sí i, ọkọ mi pariwo:

"Ó ti le! Ó le bí òkúta! Kò lọ sílẹ̀!"

"Má tú u mọ́," Màmá Janet wí. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. "Fi gbogbo agbára ẹsẹ̀ rẹ tẹ̀ ẹ́, kó o sì dúró lórí rẹ̀. Má fa kọ́kọ́rọ́ yọ o. Tó o bá fà á yọ, sítíárín á há. Tì í wọ jíà. Ó dáa. Fa bíréèkì ọwọ́, díẹ̀díẹ̀, má fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Darí rẹ̀ sápá ibi tí ilẹ̀ ti ga. Apá yìí! Kì í ṣe apá kòtò!"

Mi ò rí ọ̀nà mọ́. Ẹ̀yìn orí Ayọ̀bọ́lá nìkan ni mò ń wò. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn rẹ̀ mú.

Mọ́tò fara ha ilẹ̀ gíga yẹn, ó gbo lọ, ó gbo lọ, ó wọ inú koríko, ó dúró.

"Ẹ bọ́ sílẹ̀! Ẹ má mú ẹrù! Ẹ lọ jìnnà!"

Mo fa ọmọ mi jáde. Iná ti ń yọ ahọ́n lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọkọ mi sáré lọ síwájú, ó fẹ́ ṣí i.

"Má ṣí i!" Màmá Janet kígbe. "Afẹ́fẹ́ ni iná ń wá! Pánápaná rẹ dà?"

Abẹ́ àga ni agolo ẹ̀tù ìpaná náà wà. Ọkọ mi fà á jáde. Màmá Janet gbà á, ó ní kí ọkọ mi fa okùn bọ́nẹ́ẹ̀tì láti inú mọ́tò, kó lè là díẹ̀ péré. Ó fi ẹnu pánápaná sí ojú ibi tó là yẹn, ó fọ́n ọn wọlé. Ẹ̀tù funfun bo gbogbo rẹ̀. Awakọ̀ kan tó ń bọ̀ láti Ẹ̀fọ̀n dúró, ó ń fi ọ̀pọ́n bu yanrìn ẹ̀bá ọ̀nà, ó ń dà á sí i. Iná kú.



"Uṣu mi ńkọ́?" Ìyá Ijurin béèrè.

"Ìyá, ó wà ńbẹ̀. Ó ku díẹ̀ kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ ní sísun," awakọ̀ yẹn dá a lóhùn.

Ayọ̀bọ́lá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. Mo dì í mú. Mo gbọ́ tí ọmọ inú rẹ̀ ta mí nípàá níkùn, nígbà yẹn ni mo tó lè mí.

Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Màmá Janet wá jókòó tì í lórí òkúta.

"Bọ́láwálé, jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú irin yẹn fún ọ. Fáànù méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀pá kan ló so wọ́n pọ̀. Èéfín gbígbóná tó ń lọ sí sàlẹ́ńsà ló ń yí ọ̀kan. Ìyẹn á wá yí èkejì, èkejì á máa ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì. Eré tó ń sá ju ti ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lọ. Kí ni kì í jẹ́ kó jóná?"

"Ọ́ìlì ni, mà."

"Ta ló ń gbé ọ́ìlì fún un?"

"Ẹ́ńjìnnì."

"Tó o bá pa ẹ́ńjìnnì ńkọ́?"

Ọkọ mi yíjú sí mọ́tò.

"Ọ́ìlì dúró nìyẹn. Irin yẹn ṣì pọ́n bí ẹyin iná, ó ṣì ń yí. Orí òkè lo sì ti ń pa á, ìgbà tó gbóná jù. Ọ́ìlì tó kù nínú rẹ̀ á jóná di èédú. Bó o ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Ohun tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú bàjẹ́, ọ́ìlì wá ń kán sórí páìpù tó gbóná. Ohun tó o rí yìí ló máa ń bí."

"Ṣùgbọ́n mà, gbogbo wa la máa ń jẹ́ kí òkè wà á."

"Òkè wo ló ní láísẹ́ńsì?"

Awakọ̀ tó ń bu yanrìn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yára dákẹ́, torí òun náà ń ṣe é.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin méjèèjì," Màmá Janet wí. "Àní kí tọ́bò má sí níbẹ̀ rárá. Ẹsẹ̀ yín nìkan kọ́ ló ń tẹ bíréèkì. Ẹ́ńjìnnì ló ń ràn yín lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá ti pa á, ìrànlọ́wọ́ yẹn á tán bẹ́ ẹ bá ti tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ẹ rí i bó ṣe le. Ẹ ṣì máa ní ẹ̀ ń dín epo kù."

"Ṣé gbogbo tọ́bò ló burú ni, mà?" Ayọ̀bọ́lá béèrè. Ó ti nu ojú rẹ̀.

"Rárá, ọmọ mi. Mọ́tò wà tó jẹ́ pé láti ilé iṣẹ́ ló ti bá tọ́bò wá. Wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì ìyẹn kó lè gbé e. Ọ̀nà ọ́ìlì rẹ̀, ọ̀nà omi rẹ̀, bíréèkì rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló bá agbára náà mu. Síbẹ̀, tí ẹni tó ń wà á bá gun òkè tán, kò gbọ́dọ̀ pa á lójijì, á jẹ́ kó ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ títí ooru á fi lọ sílẹ̀. Èyí tí wọ́n wá dè mọ́ mọ́tò àgbà lẹ́yìn, láìsí àyẹ̀wò, ni mo ní kẹ́ ẹ sá fún. Ẹ ti fi agbára kún un, ẹ ò fi nǹkan kan kún ohun tó máa dá a dúró."

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tutù, ó fi aṣọ mú irin yẹn lára. Orúkọ ńlá tó wà lára rẹ̀ ti ká kò bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bébà ni. Lábẹ́ rẹ̀, irin lásán.

"Àwọn tó ni orúkọ yìí ò mọ̀ ọ́n rí," ó wí. "Wọ́n ti ba orúkọ wọn jẹ́. Ìwọ náà sì ti fi orúkọ tìrẹ tì í lẹ́yìn, torí àwọn èrò ò mọ Dámiláre. Bọ́láwálé ni wọ́n mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dun ọkọ mi jù. Mo mọ̀, torí ibẹ̀ ló ti gbé ojú sílẹ̀.

Wọ́n fa mọ́tò padà sí Aramoko. Kí a tó dé gáréèjì, ọkọ mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìyá Ayọ̀, táyà ló bẹ́ o. Ṣé o gbọ́? Tí wọ́n bá bi ọ́, táyà ló bẹ́."

"Kí ló dé?"

"Tí wọ́n bá gbọ́ pé mọ́tò mi jó, ta ló tún máa wọ̀ ọ́? Gbogbo gáréèjì ni wọ́n máa yà sílẹ̀. Wọ́n á ní mọ́tò Aramoko ń jó."

Ó pe Dámiláre lórí fóònù. Mo gbọ́ ohùn Dámiláre láti ibi tí mo dúró sí. "Bàbá, kò sẹ́ni tó tíì ṣàròyé. Ọwọ́ yín ló burú." Ó gé e. Láti ọjọ́ yẹn, fóònù rẹ̀ ò wọlé mọ́.

Mẹkáníìkì wa tú tọ́bò kúrò. Ó fọ̀ ọ́, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì iwájú ìsọ̀ mi. Bó ṣe tún ń dán nìyẹn, bíi pé kò ṣe nǹkan kan rí.

Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan fi wá láti Ìjerò, Fọláyẹmí lorúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ akérò lòun náà ń wà, ó máa ń gbé àwọn ọmọ ilé ìwé pẹ̀lú. Ó bá wa ní ìsọ̀ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé ẹ ti yọ tọ́bò yín. Ẹ jẹ́ kí n gbé e. Òkè ọ̀dọ̀ tiwa náà ń dà mí láàmú. Àwọn ọmọ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Ọkọ mi wo tọ́bò. Ó wo ilẹ̀. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Ṣé ó ń ṣe dáadáa?" Fọláyẹmí béèrè.

"Ó... ó máa ń gun òkè," ọkọ mi wí.

Fọláyẹmí ti na ọwọ́. Ó ti gbé e sí àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lábẹ́ ẹ̀rọ. Kò tíì sígbà kankan tí mo ko ọkọ mi lójú láàárín àwùjọ. Mo rí Ayọ̀bọ́lá lójú mi, bó ṣe di ikùn mú. Mo wá rí àwọn ọmọ ilé ìwé tí mi ò mọ̀.

"Ó jó," mo wí.

"Ẹ ní kí ni, mà?"

"Ó jó. Iná ni. Ọmọ mi wà nínú rẹ̀ tòun toyún. Kì í ṣe táyà. Táyà ò bẹ́. Ayédèrú ni kiní yẹn. Ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì èrò yíjú sí wa. Mo ti rò pé ọkọ mi á bú mi. Mi ò gbójú sókè.

Mo gbọ́ tí ó mí kanlẹ̀.

"Òótọ́ ló sọ," ó wí. "Fọláyẹmí, gbé e fún mi. Mi ò lè fún ọ ní ohun tó fẹ́ pa ọmọ mi."

Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lọ sí iwájú ibi tí àwọn èrò ń jókòó sí, ó gbé e kalẹ̀. Ó ké sí Adéṣínà, alága gáréèjì wa. Ó ní kí gbogbo dírẹ́bà wá. Ó sọ ọ́ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀: bó ṣe rà á láìbéèrè, bó ṣe ń fi ọ́ìlì kún un láìwádìí, bó ṣe pa ẹ́ńjìnnì lórí òkè, bí bíréèkì ṣe le mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ẹnì kan pariwo lẹ́yìn, "Ẹ̀fúùfù ti kú o!"

"Ó sàn kí Ẹ̀fúùfù kú ju kí èrò kú," ọkọ mi dá a lóhùn.

Adéṣínà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ó ní láti ọjọ́ náà, mọ́tò tí wọ́n bá de tọ́bò mọ́, tàbí tí wọ́n tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe lọ́nàkọnà, kò ní wọ orí ìlà títí àwọn V.I.O. á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Dírẹ́bà tí èrò bá fẹjọ́ rẹ̀ sùn pé ó pa ẹ́ńjìnnì níbi tí òkè ti dà sílẹ̀ á kúrò lórí ìlà. Àwọn kan kùn. Ó ní kí wọ́n kùn, kí wọ́n ṣáà pa á mọ́.

Nígbà tí wọ́n tún mọ́tò wa ṣe tán, tí Màmá Janet bá wa mú un lọ fún àyẹ̀wò, ọkọ mi gbé e wá sórí ìlà. Ó dúró. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa wọ̀ ọ́.

Tíṣà àgbà kan, Ìyáàfin Sarah, ló kọ́kọ́ wá. Ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó.

"Màmá, ẹ ò bẹ̀rù ni?" ẹnì kan bi í.

"Mọ́tò tí ẹni tó ni ín ti sọ àléébù rẹ̀ fún mi ni mo mọ̀," ó wí. "Ti ẹ̀yin yòókù, mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Bọ́láwálé, jẹ́ ká máa lọ."

Mọ́tò kún.

Nítorí náà, ẹ̀yin awakọ̀, mo bẹ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kí yẹ̀yẹ́ èrò sún yín de ohun tí mọ́tò yín ò lè gbé. Tí kò bá lágbára láti gun òkè, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó mọṣẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ àtúnṣe ni. Ẹ sì dín ẹrù rẹ̀ kù. Tí ẹ bá sọ pé tọ́bò lẹ máa dè dandan, ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn V.I.O., kí wọ́n sọ fún yín bóyá mọ́tò yín lè gbé e. Ẹ má gba orúkọ tó wà lára páálí gbọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ mọ ìsọ̀ rẹ̀, tó máa fún yín ní rìsíìtì, ni kí ẹ ti rà á. Ọ́ìlì tó ń kán, ìró tó ń súfèé, òórùn nǹkan tó ń jó, ẹ má kàn fi ọ́ìlì kún un, ẹ dúró kẹ́ ẹ wá ìdí rẹ̀.

Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì níbi tí òkè ti dà sílẹ̀. Jíà kékeré ni kẹ́ ẹ fi sọ̀ ọ́, kí ẹ́ńjìnnì máa bá yín dì í mú. Kí pánápaná yín wà nítòsí, kó má jẹ́ èyí tó ti gbẹ. Tí iná bá sì ṣẹ́ yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ kó èrò jáde ná, ẹ má ṣí i gbàgà. Tí nǹkan bá sì ti bàjẹ́, ẹ sọ ọ́ síta. Irọ́ "táyà ló bẹ́" kò dáàbò bo orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíì ló máa gbé ewu náà lọ sílé.

Ẹ̀yin èrò náà, àti ẹ̀yin tí ọkọ yín ń wakọ̀: ẹ máa sọ̀rọ̀. Bí òórùn bá ń bọ̀, ẹ sọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́ lójijì lórí òkè, ẹ ní kó tan án. Dírẹ́bà lè bínú. Wọ́n lè fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ yín lè máa gbọ̀n bíi tèmi. Ẹ ṣáà sọ ọ́, kí gbogbo yín lè délé.